Aago Kẹ̀kẹ́ Tó Dún Lẹ́yìn

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì

Àkọ́bí mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. O kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú àbúrò. Èmi náà wà, ara le. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan ló ń wúkọ́ bí àgbàlagbà tó mu tábà. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ló fẹ́ wọ aṣọ tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, òwú sì ti wọ imú mi dé ọpọlọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á ní ṣọ́ọ̀bù, mo tún un kà nílé. Mo dúpẹ́ pé àbíkẹ́yìn mi gúnlẹ̀ láyọ̀, pé o bá a wá iṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ tí ìwọ náà wà, pé ẹ jọ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ ni èyí tí o há sí ìsàlẹ̀ ìwé, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i: pé kò lè gun kẹ̀kẹ́ kíákíá, pé gbogbo oríta lo ti ń dúró dè é, pé wọ́n ti ti géètì mọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì, àti pé ọ̀gá ti ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

O bi mí pé kí ni kí o ṣe. Ìwọ tí àwọn tí ẹ jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ní Sátidé ń pè ní Ìjì. Kí Ìjì máa dúró de ìgbín lójú pópó, ṣé ó bójú mu?

Gbọ́. O rántí bí mo ṣe ń mú un lọ sí ilé-ìwé nígbà tó kéré. Bí mo bá fi lè bojú wẹ̀yìn báyìí, ó ti jókòó sórí yẹ̀pẹ̀ nìyẹn, ẹkún ti dé, ẹsẹ̀ ń dùn ún, àfi kí n gbé e. Ọjọ́ tí mo bá kọjú síwájú, tí mo ṣe bí ẹni pé n kò bí i rárá, kíá ni màá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pàkà-pàkà lẹ́yìn mi. Bẹ́ẹ̀ ni kí ìwọ náà ṣe. Má dúró, má bojú wẹ̀yìn. Jẹ́ kó máa lé ẹ. Ẹni tí wọ́n bá ń dúró dè kì í mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú.

Má sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀ o. O mọ̀ ọ́n, ó lè fi oṣù kan di kùnrùngbùn. Kó máa wọ ẹ̀wù òtútù tí mo rán fún un. N kò rán an kó máa fi ṣe ìrọ̀rí.

Èmi ìyá yín tí kì í sùn bí ẹ kò bá tíì sùn.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ kú wàhálà ojú. Mo nírètí pé ẹ̀rọ yẹn ti gba epo.

Mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó pè mí títí, ó ń lu aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń polówó ọjà. N kò dáhùn. Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, kò bá mi jókòó jẹun, ó lọ jókòó ti àwọn tó ń ká aṣọ ìbùsùn. Àmọ́ oògùn yín ń ṣiṣẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sí ọjọ́ tí kò wọlé kí wọ́n tó ti géètì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà rẹ̀ á máa fẹ́ bí ẹwìrì. Ọ̀gá gbá mi léjìká, ó ní àbúrò mi ti ń jí.

Ohun kan wà ṣá o. Ẹ̀yìn ọrùn mi máa ń yún mi tí mo bá gbọ́ aago yẹn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mo ń kọjú síwájú.

Ó ní kí n kí yín. Ẹ̀wù òtútù náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Ọmọ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ dùn mọ́ mi débi pé mo kà á sókè fún onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi, òun àti obìnrin tó ń dirun fún. Onídìrí ní èmi ló yẹ kí ìjọba fi ṣe ọ̀gá àwọn sójà. Mo ní n kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Má jẹ́ kí ọrùn tó ń yún ẹ yẹn tàn ẹ́ jẹ o. Àánú ni, ohun tó sì ba ọmọ náà jẹ́ látilẹ̀ nìyẹn. Ó ti wá ń yára báyìí. Bó o bá dẹwọ́, gbogbo rẹ̀ á tún padà sí bó ṣe wà. Fi kún eré díẹ̀. Kó mọ̀ pé ìlú tó wà kò ní ẹ̀yìn tó lè gbé e.

Kọ̀wé sí mi kí oṣù tó parí.

Ìyá yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Ìwọ ọmọ yìí,

Ṣé àlàáfíà ni? Mo kí ẹ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ tọkàntọkàn. Oṣù parí, òmíràn wọlé, kò sí ìwé. Mo lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé láti fi fóònù rẹ̀ pè yín. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e, ọ̀gá sì jókòó tì mí bí ọlọ́pàá, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí.

Ṣé ẹ ti di ẹni ńlá ni? Àbí ẹ jọ jà? Bí ẹ bá jà, ta ló jẹ̀bi? Bí ó bá jẹ́ pé àbíkẹ́yìn ló kọ̀ láti gun kẹ̀kẹ́ mọ́, kọ ọ́ sí mi, màá bá a wí. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ lo gbàgbé pé mo wà láyé, mo wà o.

Mo rán ṣòkòtò fún ọmọ kan lánàá, mo rán ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì. Ìyá ọmọ náà bi mí bóyá ọmọ òun máa máa fò lọ sí ilé-ìwé ni. Ibi tí ọkàn mi wà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Màmá,

Ẹ máa bínú sí mi, mo mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ jókòó. Àbúrò mi wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Mo fi èyí ṣíwájú kí àyà yín má bàa já.

Ní ìparí oṣù kẹta, ó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́tà yín, èyí tí ẹ ti ní kí n fi kún eré, wà nínú àpò mi. Ọ̀nà kan wà tó da gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí ojú irin rélùwéè, bí ojú irin náà bá sì tutù, ó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń sọdá rẹ̀. N kò sọ fún un. N kò ráyè sọ nǹkankan fún un látìgbà tí mo ti ń sáré níwájú.

Mo sọdá. Mo gbọ́ tí aago rẹ̀ dún lẹ́yìn, ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní ó tún ti bẹ̀rẹ̀. N kò bojú wẹ̀yìn. Aago náà kò dún mọ́, mo tún rò pé ó ti gbọ́n.

Mo dé ibi iṣẹ́, mo wọ épírọ́ọ̀nù, mo tan irin ìlọṣọ ńlá. Wọ́n ti géètì. Mo wo ibi tó máa ń fi ẹ̀wù rẹ̀ kọ́ sí, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tán: inú mi bà jẹ́ díẹ̀, inú mi sì tún dùn díẹ̀. Mo ní lónìí á kọ́gbọ́n. Mo ń lọ aṣọ ìbùsùn àwọn èèyàn lọ, títí obìnrin awakọ̀ tó ń gbé aṣọ wa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì fi wọlé tó ní òun rí ọkùnrin kan tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ ilé-ìwòsàn, pé ó wọ ẹ̀wù òtútù tó ní àpò mẹ́ta.

Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń rán àpò mẹ́ta.

Orúnkún ọ̀tún ló fọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi báńdéèjì líle dì í láti itan dé kókósẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ títí. Ó wo ojú fèrèsé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò ju èyí lọ: "Ẹ̀gbọ́n, mo lu aago."

Látìgbà náà, bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní ẹ ṣé. Bí mo bá fẹ́ gbé e lọ wẹ̀, á dúró de aládùúgbò. Ó ní bí ẹsẹ̀ òun bá ti lè tẹlẹ̀, òun máa lọ gba yàrá lọ́dọ̀ káfíńtà kan ní òdìkejì ìlú. Òun ni ẹni kan ṣoṣo tí mo ní níbí, Màmá.

Èmi ni n kò jẹ́ kó kọ̀wé sí yín. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi, n kò sì rí ẹnu sọ ọ́.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo ti jókòó bí o ṣe wí. N kò tíì lè dìde dáadáa.

N kò bínú sí ẹ. Ṣé kí n sọ ibi tí mo fẹ́ ti bínú sí ẹ, tí n kò rí i? Mo wá a. Mo ní ṣé àgbàlagbà bíi tirẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ òjò sí ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ tí mo kọ, "fi kún eré díẹ̀." Ojú mi mọ́ kedere ni mo kọ ọ́. Ẹ̀rín ni mo tilẹ̀ ń rín, onídìrí ń gbọ́. Ìmọ̀ràn ni mo fi ránṣẹ́, ọfà ló dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọmọ tó ń rìn lọ sí ilé-ìwé, ilẹ̀ ló máa jókòó sí. Bó bá rẹ ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tó ń sáré, ibo ló fẹ́ jókòó sí? Ìyá tó ní òun mọ ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo ṣì mọ̀.

Onídìrí bi mí láàárọ̀ yìí pé àwọn sójà mi ńkọ́. Mo ní wọ́n wà dáadáa. Mo wọlé, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Ṣé o sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀? Bí o kò bá tíì sọ ọ́, n kò mọ bóyá kí n bẹ̀ ẹ́ pé kí o sọ ọ́ tàbí kí n bẹ̀ ẹ́ pé kí o má sọ ọ́. Ojú ń tì mí láti kọ gbólóhùn yẹn, àmọ́ mo ti kọ ọ́.

Bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bí kò bá jẹ́ kí o dì í mú, dúró sí ìtòsí.

Ìyá yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Màmá mi,

Ẹ kú ìdúró. Mo mọ̀ pé ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí nǹkan gidi sọ kí n tó kọ̀wé.

N kò sọ fún un, ẹ̀yin náà ẹ má sọ fún un. Èmi lè fara da ìbínú rẹ̀, a jọ ń gbé ni, bó pẹ́ bó yá á rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin jìnnà. Bó bá bínú sí yín láti ibí, ẹ kò sí nítòsí láti máa gbé omi fún un títí ìbínú náà á fi rọ̀.

Wọ́n ti tú báńdéèjì. Dókítà eegun ní kẹ̀kẹ́ ni oògùn orúnkún rẹ̀ báyìí, kó máa gùn ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Ó kọ̀. Dókítà ní kó yan ẹni tó máa bá a gùn ún. Ó wá ní òun á gùn ún bí òun bá wà níwájú, kí Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn, kí Ẹ̀gbọ́n má sì kọjá òun láé. Mo gbà kó tó sọ ọ́ tán.

Màmá, ó nira. Ẹ ò lè mọ̀. Ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń fi wá sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó gbé àpò ọjà kọjá wa, ó tún kí wa ẹ kú ìrọ́jú. Ẹsẹ̀ mi ń jẹ mí, ìka mi kò kúrò lórí bíréèkì. Ẹ sì mọ̀ pé bí kẹ̀kẹ́ bá ń falẹ̀, ó máa ń gbọ̀n, ó fẹ́ ṣubú. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìjì, mo ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó gbọ́ ìró bàtà mi. Láìyíjú, ó ní, "Ẹ gbé ojú yín sókè. Ẹ má wo táyà." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fínnúfíndọ̀ bá mi sọ látìgbà náà nìyẹn. Mo gbé ojú sókè, kẹ̀kẹ́ sì dúró ṣinṣin.

Ó ti pẹ́ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń rọra gun kẹ̀kẹ́ láìṣubú. Ohun tí mo pè ní ọ̀lẹ, ó ní ọ̀nà tó ń gbà ṣe é.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rí nǹkan. Ọ̀nà tí mo ti ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, n kò mọ̀ pé aránbàtà kan wà níbẹ̀ tó máa ń to bàtà àwọn oníbàárà sójú fèrèsé, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. N kò mọ̀ pé odò wà lẹ́yìn ògiri bíríkì yẹn. Eré ni kì í jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Òórùn búrẹ́dì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ilé-ìwé kan, tí a bá rọra lọ, ó máa ń bá wa dé oríta. Mo wá ń gbọ́ ṣéènì kẹ̀kẹ́ tèmi fúnra rẹ̀, tìkì-tìkì-tìkì, bí ẹ̀rọ ìránṣọ yín nígbà tí iṣẹ́ bá dùn lọ́wọ́ yín. Atẹ́gùn tó máa ń gbá mi lójú tẹ́lẹ̀ ń fọwọ́ kàn mí lásán.

Ní Sátidé tó kọjá, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sáré kọjá wa, wọ́n ń pariwo pé Ìjì ti di afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ mi kò tilẹ̀ jẹ mí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Ó ń dùn mọ́ mi, Màmá. Mo máa ń jí, kí n máa retí rẹ̀. Nígbà tó bá dùn gan-an, màá rí i tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń ro ó bó ṣe ń tẹ kẹ̀kẹ́ níwájú mi. Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ra ìgbádùn. Ṣé ó yẹ kí n máa gbádùn rẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn èyí.

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ yàrá káfíńtà. Ó ní òun máa kó lọ kí ọdún tó parí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ

Àbíkẹ́yìn mi,

Báwo ni orúnkún? Mo ń béèrè bí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Fara balẹ̀ ka ìwé yìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n má sọ èyí fún ẹ. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé kò dáa. Kì í ṣe òun ló rò ó pé kí òun fi ẹ́ sílẹ̀. Gbogbo oríta ló ti ń dúró dè ẹ́, ìwọ náà mọ̀. Èmi ni mo kọ̀wé pé kó má dúró mọ́, kó má bojú wẹ̀yìn. Mo tún kọ òmíràn pé kó fi kún eré. Mo ní kó má sọ fún ẹ pé èmi ni. Ó pa àṣírí mi mọ́, ìwọ sì ń kẹ̀yìn sí i nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò ó pé bí wọ́n bá lé yín níbi iṣẹ́, ẹ ó bà jẹ́ sílẹ̀ òkèèrè, n kò sì ní lè wá kó yín. Ẹ̀rù òbí máa ń sáré ju ọmọ lọ. N kò sọ èyí kí o lè ṣàánú mi. Ṣáà má kó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ nítorí ohun tí ìyá rẹ ṣe. Bí o bá máa kó kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan, kó kúrò lọ́dọ̀ mi.

Sọ fún un pé mo ní kó máa gbádùn rẹ̀. Mo fi ọjọ́ púpọ̀ rò ó. N kò mọ ìdí, ṣùgbọ́n kó máa gbádùn rẹ̀.

Dárí jì mí. Jọ̀ọ́, tètè fèsì, n kò lè jẹun.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá

Màmá,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbàgbọ́ pé ẹ ti ń jẹun. Bí ẹ kò bá tíì máa jẹun, ẹ jẹun kí ẹ tó ka ìyókù.

Mo ka lẹ́tà yín níbi iṣẹ́ tí mo ti padà sí, láàárín àwọn aṣọ ìbùsùn tí kò tíì gbẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo ká a bí aṣọ ìrọ̀rí, mo fi sápò. Ẹ̀gbọ́n rí ojú mi. Nígbà tí a fẹ́ lọ sílé, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ń tú kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Kí ni kí n sọ? Màmá ò sí lórí kẹ̀kẹ́. Èmi ni mo ní ọrùn, èmi ni n kò yí i."

A gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé bí a ṣe máa ń ṣe, èmi níwájú. Nígbà tí a dé ibi ògiri bíríkì, mo yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, mo ní kó máa bọ̀. Ó dúró lẹ́yìn, ó rò pé n kò mọ ohun tí mo ń sọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà yìí gba èèyàn méjì." Ó wá. Ó ń wo ojú mi bí ẹni tí wọ́n ní kó wọ yàrá ọba. Ó ń fi orí tọ́ka àwọn nǹkan fún mi, odò, ológbò, obìnrin tó ń fọ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti rí gbogbo wọn kó tó rí wọn. Mo jẹ́ kó fi hàn mí.

Mo ti sọ fún káfíńtà pé kó fún ẹlòmíràn ní yàrá yẹn.

Ní ti ẹ̀yin, Màmá, ẹ ní kí n tètè fèsì, kí n dárí jì yín. N kò lè tètè. Mo gbìyànjú rẹ̀, mo kọ ọ́ sí ìwé méjì pé ó ti tán, mo sì fà wọ́n ya torí pé irọ́ ni. Tí òtútù bá mú orúnkún yìí, inú ṣì máa ń bí mi sí yín, mo máa ń bá yín jà lórí kẹ̀kẹ́, tí àwọn èèyàn á máa wò mí. Nígbà mìíràn ẹ̀yin lẹ máa ń borí.

Kì í ṣe pé n kò ní dé ibi ìdáríjì náà. Mo kàn ń gùn ún bí mo ṣe mọ̀ ọ́n gùn ni. Ẹ má kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ mọ́, ẹ má sì ṣe bí ẹni pé ẹ gbàgbé. Ẹ máa rán aṣọ yín. Bí mo bá dé, ẹ máa mọ̀.

Ọmọ yín, tó ń bọ̀.